Èmi Délé Atọ́nà, àti Iṣu Tuntun Tó Wọ Ààfin Lẹ́yìn Mi

Bí ẹ bá dé Adó-Èkìtì tí ẹ béèrè Délé Atọ́nà, tí ẹni tí ẹ bi léèrè kò bá mọ̀ mí, àlejò bíi tiyín lòun náà, ẹ bi ẹlòmíràn. Mi ò fi yangàn. Bó ṣe rí ni mo ń sọ. Ìwé kejì péré ni mo kà kí bàbá mi tó ní oko ń dúró dè mí. Síbẹ̀, adájọ́ ti tẹ̀lé mi lẹ́yìn rí, bíṣọ́ọ̀bù ti tẹ̀lé mi lẹ́yìn rí, òyìnbó tí oòrùn ti sọ imú rẹ̀ di ata ti tẹ̀lé mi lẹ́yìn rí. Gbogbo wọn á gbójú sókè, wọ́n á máa wo agboòrùn pupa tí mo nà lókè. Bí mo bá yà sọ́tùn-ún, wọ́n á yà sọ́tùn-ún. Bí mo bá dúró, wọ́n á dúró. Èwo nínú ẹ̀yin akọ̀wé Àkúrẹ́ ni bíṣọ́ọ̀bù ń tẹ̀lé lẹ́yìn?

Iṣẹ́ mi ni láti mú àlejò yí ìlú ká, láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́: ààfin, Ọjà Ọba, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó wà l'Ókèṣà, àwọn àdúgbò àtijọ́, títí a ó fi gun Òkè Ayọba, níbi tí gbogbo òrùlé Adó ti ń hàn bí ẹní tí wọ́n sá sóòrùn. Mo ti ń ṣe é láti ìgbà tí òyìnbó ṣì ń ṣe àkóso wa, títí di àkókò yìí tí àwọn ológun ń palẹ̀ mọ́ láti gbé ìjọba fún alágbádá. Orúnkún mi ló sọ fún mi pé ó tó. Mo bá a jiyàn, ó borí.

Ọmọbìnrin àbúrò mi kan ló mú kí n mú bírò. Ó ń wá iṣẹ́ ìjọba, mo sì sọ fún un pé kò burú bí ó bá gba iṣẹ́ mi. Ó wo ẹsẹ̀ mi tó wú, ó ní, "Bàbá mi, ṣé iṣẹ́ náà nìyẹn? Ẹ kàn ń rìn kiri ni." Ìrìn lásán! Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìrìn ṣe máa ń rí fún òun àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ rẹ̀.

Bí mo ṣe wọṣẹ́ kò gùn. Bàbá mi ní ọ̀rẹ́ kan, Baba Ògúndáre, ẹni tí àwọn ará ààfin máa ń fa àlejò lé lọ́wọ́. Baba yìí mọ ìlú bí ẹní mọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́ òyìnbó. Èmi gbọ́ "yẹ́ẹ̀sì" àti "nóò" àti díẹ̀ tó wà láàárín wọn. Wọ́n fà mí lé e lọ́wọ́ tèmi ti ẹní mi. Ohun tó ń fún mi níbẹ̀rẹ̀ kò tó ohun tí à ń sọ, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń pe ọ̀gá yín ní ẹni líle, ẹ kò tíì rí ọ̀gá. Kí àkùkọ tó kọ tán, Baba á ti fi ọ̀pá gún mi ní ìhà. "Délé, dìde, lọ yẹ ọ̀nà wò." Mo ní láti dá rin gbogbo ibi tí àlejò yóò rìn lọ́jọ́ náà, kí àlejò tó jí. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ mo sáré lọ, mo sáré bọ̀.

Ó ní, "Kí lo rí?"

Mo ní, "Mi ò rí nǹkan kan, Baba."

"O ò rí nǹkan kan? Ilé wà níbẹ̀, o ò rí i? Èèyàn wà níbẹ̀, o ò rí i? Padà lọ."

Mo padà. Mo tún dé, ó tún dá mi padà. Ẹkún fẹ́ gbọ̀n mí. Ìgbà tí mo tún dé, mo ní, "Baba, ní Ìjìgbò, ilé tó ní igi ọsàn níwájú, wọ́n ti gbé àga síta, àwọn obìnrin ibẹ̀ kò wé gèlè."

Baba gbé ojú sókè. "Ẹn-ẹ́n. Bí a bá ń kọjá níbẹ̀ lónìí ńkọ́?"

"A ò ní rẹ́rìn-ín."

"A ò sì ní ya fọ́tò. Mo máa yà kí wọn, kí a tó kọjá. Kí ló kù?"

"Wọ́n bímọ ní ilé kejì ọjà."

"A ó dúró, a ó kí ìyá ọmọ. Bí òyìnbó bá fẹ́ fún ọmọ ní nǹkan, kó fi ọwọ́ ọ̀tún." Ó wá gbé àwo iyán sún mọ́ mi. "Jẹun. O ti ń ríran díẹ̀díẹ̀."

Ohun tó fi kọ́ mi nìyẹn. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Atọ́nà ni ojú rẹ̀. Ìlú kì í ṣe òkúta àti ògiri àtijọ́, ẹni tó bá mú ọ wọ ìlú láì mọ ẹni tó kú àti ẹni tó bímọ lọ́jọ́ náà, ibojì ló mú ọ wọ̀. Mo yẹ ọ̀nà wò láràárọ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Kò sí ẹlòmíràn tó ń ṣe é l'Ádó. Mo ní kò sí.

Baba kò sì fẹ́ràn irọ́. Lọ́jọ́ kan, a mú òyìnbó kan dé ibi àpáta kan tí kòtò wà lára rẹ̀. Mo fẹ́ dárà. Mo sọ fún òyìnbó pé ẹsẹ̀ òmìrán kan ló tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀, pé òmìrán náà ga ju ìrókò, pé màlúù méjì ló fi ń jẹ oúnjẹ àárọ̀. Baba kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wo ojú òyìnbó, ó bọ́ fìlà, ó fi gbá mi lẹ́nu.

"Irọ́ lo pa fún un."

"Baba, báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Òtítọ́ Adó kì í la ojú èèyàn tó báyẹn. Sọ fún un pé irọ́ ni."

Mo ní, "Baba, ẹ ṣàánú mi."

"Sọ fún un!"

Mo yíjú sí òyìnbó. Mo ní, "Sà, na láì." Òyìnbó náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àpáta. Nígbà tó ń lọ, ó bọ Baba lọ́wọ́, ó ní kí n sọ fún un pé láti òní gbogbo ohun tí a bá sọ lòun yóò gbà gbọ́. Ẹ rí i? Ẹyin lohùn, ṣùgbọ́n Baba bá mi ṣa tèmi kó tó fọ́ tán.

Nǹkan yí padà lójú mi. Ẹsẹ̀ la fi ń rìn nígbà náà, àlejò tó bá rẹ̀ á jókòó sídìí igi. Lẹ́yìn náà, kẹ̀kẹ́ dé, màá máa wa kẹ̀kẹ́ níwájú, wọ́n á máa wa tiwọn lẹ́yìn. Ọkọ̀ onípákó dé, a ó jọ há mọ́ra, eruku á sọ gbogbo wa di ọmọ ìyá kan. Nígbà tí owó epo wá wọ ìlú, Píjò àti bọ́ọ̀sì Fọ́ọ̀sìwágìnì gba ojú títì. Àlejò ò fẹ́ rìn mọ́. Wọ́n á ní, "Atọ́nà, ṣé mọ́tò kò lè dé orí òkè náà ni?" Màá ní, "Ó lè dé e, bí ẹ bá lè gbé e." Kámẹ́rà náà yí padà. Ti àtijọ́ ní ẹsẹ̀ mẹ́ta àti aṣọ dúdú tí ayàwòrán ń ki orí bọ̀. Ti ìsinsìnyí wọ inú àpò. Ẹnìkan fún mi ní gbohùngbohùn tí wọ́n ń gbé sẹ́nu kí n má baà máa pariwo. Mo lò ó lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ajá Òdò-Adó gbó mi. Mo dá a padà. Ohùn tí Ọlọ́run fún mi tó.

Baba Ògúndáre darúgbó, ojú rẹ̀ ṣú. Ó fa agboòrùn pupa lé mi lọ́wọ́, ó jókòó sílé. Mo di ọ̀gá ara mi, orúkọ mi kàn dé Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni mo wà kí iṣu tó dé.

Ẹni tí kì í bá ṣe ará Èkìtì, kí n là á yé e. Ní ọ̀dọ̀ wa, ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ tirẹ̀ tó ń jẹ iṣu tuntun. Ìjàn lè ti jẹ tirẹ̀, kí Ìyìn máa múra, kí Adó má tíì gbọ́ òórùn rẹ̀. Títí Kábíyèsí yóò fi tọ́ ọ wò pẹ̀lú ètùtù tó yẹ, iṣu tuntun kì í kọjá ẹnu ọ̀nà ààfin. Mo bá a lọ́wọ́ àwọn bàbá mi bẹ́ẹ̀. Onígbàgbọ́ ni mí, ìlù ìjọ wa lémi gan-an ń lù lọ́jọ́ ìkórè, ṣùgbọ́n mi ò lè fi ìyẹn rí ìlú mi fín.

Kò pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n sọ wá di ará Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni màmá kan dé láti Kùmásì pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó jẹ́ ẹnjiníà. Wọ́n bí màmá náà sí Kùmásì, ọmọ Adó ni bàbá rẹ̀, ọmọ Ìjàn ni ìyá rẹ̀. Kò dé ilé rí láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n èdè Adó tí bàbá rẹ̀ fi tọ́ ọ wà lẹ́nu rẹ̀ pọ́nbélé, ó ki ju tèmi lọ. Bó ṣe rí mi, ó ní, "Ọmọ mi, mú mi lọ ulé." Omi dé ojú mi, mo ṣe bí ẹni pé eruku ni.

A kọ́kọ́ lọ sí Ìjàn láàárọ̀. Àwọn ará ilé ìyá rẹ̀ yọ̀, wọ́n jó, wọ́n sì ki iṣu tuntun kún bútù Píjò, nítorí pé Ìjàn ti jẹ tiwọn. Mo rí i. Ojú mi kì í kọjá nǹkan. Mo ní, "Màmá, iṣu yìí kò gbọdọ̀ jáde nínú bútù o, títí ẹ ó fi kúrò l'Ádó."

Ó ní, "Mo gbọ́, ọmọ mi."

A dé ààfin lọ́sàn-án. Ọtí àti obì ni wọ́n gbé lọ́wọ́. Kábíyèsí wà nínú ilé, àwọn ìjòyè jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ń fi ohùn dídùn ròyìn ọmọ wọn tó ti òkèèrè dé. Mo ń sọ ọ́ lọ geere. Ẹmẹsẹ̀ tó jẹ́ ìránṣẹ́ ààfin, ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí mi tẹ́lẹ̀, ṣàdédé fọwọ́ bo ẹnu.

Mo bojú wẹ̀yìn. Màmá wà lórí ìkúnlẹ̀. Iṣu ńlá kan wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, erùpẹ̀ Ìjàn ṣì wà lára rẹ̀. Ó ti wo bí ààfin ṣe tóbi, ó ti rí i pé ọtí àti obì kéré, ó ti rán ọmọ rẹ̀ lọ sínú ọkọ̀ nígbà tí mo kọjú síwájú.

Ìjòyè tó dàgbà jù láàárín wọn ní, "Kí rèé?"

Màmá rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ ń dùn. "Uṣu ni, Baba. Uṣu titun. Mi ò lè wọ ulé bàbá mi lọ́wọ́ òfo."

Ìjòyè kejì dìde, ó sì tún jókòó. Èyí àgbà kò wo màmá mọ́. "Ta ló ni iṣu yìí?"

Ẹnjiníà ti mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni mo lọ mú u wá nínú—"

Mo ṣì wà ní ìdọ̀bálẹ̀. Mo na ọwọ́, mo fa ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Mo ní, "Èmi ni mo ni ín, Baba."

"Ìwọ? Ìwọ lo wà á?"

"Mi ò wà á. Èmi ni mo ṣíwájú. Ẹni tó bá ṣíwájú àlejò ló ni ẹsẹ̀ àlejò, òun náà ló ni ẹrù ọwọ́ rẹ̀." Ọ̀rọ̀ Baba Ògúndáre ni. N kò mọ ìgbà tó jáde lẹ́nu mi.

Ìjòyè náà wò mí títí. "Atọ́nà, ẹnu rẹ dùn. Ẹnu yẹn lo fi ń jẹun, a ó wo ohun tí yóò jẹ báyìí. Ewúrẹ́ ni wàá mú wá fún ètùtù. Láti òní, ẹsẹ̀ rẹ kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà yìí. Ìgbà tí a bá fẹ́ rí ọ, a ó ránṣẹ́."

"Baba, títí di ìgbà wo?"

"Mo ní a ó ránṣẹ́."

Ẹ̀yin ọmọ, kí ẹ lè mọ bó ṣe rí: ta ló ń wá sí Adó tí kò fẹ́ rí ààfin? Atọ́nà tí kò lè wọ ààfin dà bí ọlọ́kọ̀ tí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọn kò bá ránṣẹ́, iṣẹ́ mi kú nìyẹn, orúkọ tí Baba fi lé mi lọ́wọ́ sì kú pẹ̀lú rẹ̀.

Níta, màmá ń sunkún. "Ọmọ mi, mo rò pé tìtorí olè lo ṣe ní kí a má gbé e jáde." Ọ̀rọ̀ náà bá mi lójijì, mo rẹ́rìn-ín, ẹnjiníà náà rẹ́rìn-ín, màmá ń sunkún ó ń rẹ́rìn-ín. Mi ò jẹ́ kó lọ báyẹn. Mo na agboòrùn mi sókè, mo mú un dé agboolé bàbá rẹ̀ l'Ódò-Adó. Ìyá arúgbó kan níbẹ̀ gbọ́ orúkọ bàbá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, wọ́n dì mọ́ ara wọn nílẹ̀. Bí ilé ẹni tilẹ̀ ń jó, ẹni tó ń tọ́ni sọ́nà gbọ́dọ̀ mú àlejò dé ibi tó ń lọ.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ bá Baba Ògúndáre. Mo sọ gbogbo rẹ̀.

Ó ní, "Ṣé o ní àlejò ló fà á?"

"Rárá. Mo ní èmi ni."

Ó na ọwọ́, ó ń wá orí mi nínú òkùnkùn ojú rẹ̀, ó sì rí i. Kò tíì fọwọ́ kàn mí rí àfi kó fi gbá mi. "Ó dáa," ló wí. Ó wá ní, "Kí lo fẹ́ ṣe báyìí?"

"Ẹnìkan wà tó mọ ìjòyè náà dáadáa, mo fẹ́ rán an..."

"Má rán ẹnikẹ́ni. Mú ewúrẹ́ wọn lọ. Lẹ́yìn náà, mú àlejò rẹ dé ẹnu ọ̀nà ààfin bí o ti ń ṣe, kí o sì dúró níbẹ̀. Ẹni tó bá sá fún ẹnu ọ̀nà ti lé ara rẹ̀ lọ. Jẹ́ kí wọ́n máa rí ọ."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má bi mí bó ṣe rí lára. Àlejò á dé, màá dúró ní ìta ẹnu ọ̀nà, màá ròyìn ààfin fún wọn láti àgbàlá dé àgbàlá, ẹmẹsẹ̀ á wá mú wọn wọlé, èmi á dúró sínú oòrùn bí òpó. Àwọn awakọ̀ tó ń kọjá á ní, "Atọ́nà, ọ̀nà ti tán!" Àwọn obìnrin ọjà sọ mí ní Délé Ẹnu-Ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí náà: mo ròyìn ibẹ̀ débi pé tísà kan láti Ìyìn jáde wá, ó ní ohun tí òun gbọ́ níta dùn ju ohun tí òun rí nínú lọ. Adìẹ funfun kì í mọ ara rẹ̀ lágbà, àmọ́ èmi mọ ara mi.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ kí ọmọ àbúrò mi àti ẹ̀yin tó kù mọ̀. Ẹ kì í mọ iṣẹ́ tó jẹ́ tiyín lọ́jọ́ tó bá ń dùn. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ yín, tí ẹsẹ̀ yín sì ń gbé yín lọ síbẹ̀ láàárọ̀, ẹ ti rí i. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Baba tó fi ọ̀pá gún mi jí. Màmá Kùmásì náà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá gbé iṣu náà jáde, n kò ní mọ̀ pé Baba lè fọwọ́ kàn mí lórí.

Ọjọ́ ìjẹṣu Adó wá pé. Ìlú kún, àwọn ọmọ wa ti Èkó dé pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ wọn, mo sì ti kó ọ̀wọ́ kan wá sí ẹnu ọ̀nà. Mo dúró sí àyè mi. Mo gbọ́ tí ariwo ayọ̀ sọ nínú ààfin, mo mọ̀ pé Kábíyèsí ti tọ́ ọ wò. Mo ń bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Mo sọ fún àwọn àlejò pé kí wọ́n dúró de ẹmẹsẹ̀.

Ẹmẹsẹ̀ kọ́ ló jáde. Ìjòyè àgbà yẹn fúnra rẹ̀ ni, ó ń fi ọ̀pá tẹlẹ̀ bọ̀, àwo kékeré wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn èèyàn là fún un. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú eruku.

Ó ní, "Dìde. Kábíyèsí ti jẹ. Ìlú ti jẹ. Ìwọ ńkọ́, ebi ò pa ọ́?"

Gígé iṣu sísè kan ló wà nínú àwo náà, epo ń dán lórí rẹ̀, ó ṣì ń gbóná. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Èmi tí mo ti bá òyìnbó sọ̀rọ̀, tí mo ti bá bíṣọ́ọ̀bù sọ̀rọ̀, mi ò rí ọ̀kan sọ.

Ìjòyè ní, "Jẹ ẹ́ kó tó tutù, ẹlẹ́nu dídùn. Àwọn àlejò ń dúró."

Mo jẹ ẹ́ tán lórí ìdúró. Mo nu ẹnu mi. Mo yíjú sí àwọn àlejò mi, mo na agboòrùn sókè, mo ní, "Gbogbo yín, ẹ bọ́ bàtà. A fẹ́ wọlé."